Bí Àpótí Tí Ọkọ Mi Tì Pa Ṣe Ṣí, Tí Mo Fi Gba Àwọn Ọmọ Mi Padà

Ògo ni fún Ẹni tí kì í sùn! Ẹ̀yin ará, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ bá mi kígbe ògo! Ẹ tún un ké, nítorí ti àkọ́kọ́ yẹn kò dé òkè àjà. Ògo!

Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, n kò sì ní sáré sọ ọ́. Ohun tó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jẹ mí níyà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà ni mo máa fi ròyìn rẹ̀.

Èmi ni Ìyá Ìbùkún. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, èmi náà ni mo máa ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ mọ ọkọ mi. Ọkùnrin gíga, tó máa ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, tó máa ń kọrin gba ibi tí orin kò gbà. Yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa lọ bá àwọn òbí tí ọmọ wọn ní wárápá, kí wọ́n máa sọ bí àìsàn náà ṣe ń mú un àti bí àwọn ará ilé ṣe ń ṣe sí i. Ó dé Apẹ́tẹ̀, ó dé àwọn abúlé ẹ̀yìn Apẹ́tẹ̀.

Ẹ mọ ilẹ̀ wa. Bí ọmọ bá fẹ́ gbé ìyàwó, àwọn àgbà á kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ ṣe ìwádìí. Ṣé kò sí wèrè nínú ìdílé yẹn? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ṣé kò sí wárápá? Bí wọ́n bá gbọ́ ọ fìrí báyìí, ó parí, gbogbo ọmọbìnrin agbo ilé náà á gbó sílé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá ọmọ kò fi fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkọ mi wá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún wọn pé ojú ẹnikẹ́ni kò ní kan ohun tí wọ́n bá sọ.

Ó rí ọ̀nà mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀n, ètò tí wọ́n ń pè ní Línúùsì ló wà lórí rẹ̀. Ọkọ mi ní Línúùsì kò dà bíi ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yòókù. Háàdì dísíkì, ìyẹn àpótí irin pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, kì í ṣàdédé yọjú níbẹ̀. Ó dìgbà tí o bá so ó mọ́ àyè kan, bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, kí o tó rí i lò. Tirẹ̀ wá kọjá bẹ́ẹ̀, ó kó ọ̀rọ̀ àwọn ìyá náà sínú rẹ̀, ó fi pásíwọ́ọ̀dù tì í pa. Ẹni tí kò bá mọ pásíwọ́ọ̀dù náà, wúruwùru lásán ni yóò rí, bí ìrẹsì tí wọ́n dà sílẹ̀.

Ó sọ pásíwọ́ọ̀dù náà fún mi. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀, ó tẹ ìwé mi mọ́lẹ̀. Mo ní, "Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ìwé mi." Gbólóhùn yẹn ló fi ti àpótí. Ó fi àmì àyọlò sí iwájú rẹ̀, ó fi sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Bí n kò bá fi sí i, tíṣà á gé máàkì mi." Ó mú ìka mi, ó gbé e lé bọ́tìnnì eéjì, níbi tí wọ́n ya àmì àyọlò náà sí lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. N kò mọ̀ pé ẹkún ni mò ń kọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ń wọ bàtà lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá Ìbùkún, àyà mi ń fún." Kí a tó dé ilé ìwòsàn, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà jáde sí mi, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní, "Màdáámù, ta ló bá yín wá?" Mo ní èmi nìkan ni. Ó ní, "Ẹ lọ pe ọkùnrin kan wá nínú ẹbí." Ará, èmi tí mo bá a sùn, tí mo bá a jí, wọn kò sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ fún, ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá Àgbà ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Wọ́n ń ta irin àti símẹ́ńtì ní Challenge, wọ́n kọ́ ilé sí Ring Road. Àwọn ni wọ́n rán ọkọ mi ní ilé ìwé, òtítọ́ ni, n kò ní sẹ́ ẹ. Nítorí náà wọ́n gbà lọ́kàn pé ohunkóhun tí àbúrò àwọn bá fi sáyé lọ, tàwọn ni. Ilẹ̀ ibojì kò tíì gbẹ tí wọ́n fi pè mí.

"Ìyàwó, owó òkè òkun dà?"

"Kò sí, sà."

"Ìwé ilẹ̀ dà?"

"Kò ra ilẹ̀, sà. Ilé tí a háyà ní Agbowó yìí náà ni."

"Ẹni tó ń bá òyìnbó rìn láti ìgbà yìí wá? Kí ló wá tì pa sínú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?"

"Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn ni, sà. Àwọn oníwárá—" ẹkún kò jẹ́ kí n pè é tán dáadáa. "Àwọn tó ní wárápá ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ta ló ń ti wárápá mọ́ àpótí? Ṣé wọ́n máa jí i ni?"

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n wo ilé yíká, wọn kò rí ohun mìíràn tó níye lórí, wọ́n bá mú Ìbùkún, wọ́n mú Ayọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, wọ́n ní kí wọ́n wọlé síwájú ọkọ̀. Mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Bọ̀ọ̀dá Àgbà ka ìka mi kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí o bá ṣí àpótí àbúrò mi, ọjọ́ náà lo máa kó àwọn ọmọ àbúrò mi."

Ará, kì í ṣe pé mo fi nǹkan pamọ́ o! Lójú ẹsẹ̀ ni mo ní mo máa ṣí i, wọn kò dúró. Ta ni yóò fi àṣírí du ọmọ rẹ̀? Àmọ́ kọ̀ǹpútà náà ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní Ring Road, ó fọ́ yángá. Háàdì dísíkì inú rẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù nìkan ló yè. Ni wọ́n bá kó méjèèjì lọ bá ẹnjiníà kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Dùgbẹ̀, ẹni tí wọ́n ní ó gbọ́ Línúùsì bí ẹni gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ó fi háàdì dísíkì náà sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó so kíbọ́ọ̀dù ọkọ mi mọ́ ọn nítorí pé mo bẹ̀ ẹ́, mo ní orí rẹ̀ ni ọkọ mi ti kọ́ mi.

"Màdáámù, ẹ pe pásíwọ́ọ̀dù."

Mo wo ojú Bọ̀ọ̀dá Àgbà. Mo wo ojú Ìyáálé mi, ìyẹn ìyàwó wọn, tí wọ́n tẹ̀ lé wa wá. Ojú tì mí. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Mo pè é: "Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ìwé mi."

Ìyáálé mi bú sẹ́rìn-ín. "Haà! Ṣé bí ẹ ṣe ń bá ọkọ yín sọ̀rọ̀ nìyẹn? Abájọ tó fi kú!"

Mo na ìka sí bọ́tìnnì eéjì, mo ní kó fi àmì àyọlò sí iwájú, kó fi sí ẹ̀yìn. Àmì náà wà lójú bọ́tìnnì, gbogbo wa rí i. Ẹnjiníà tẹ̀ ẹ́. Pásíwọ́ọ̀dù kì í hàn lójú kọ̀ǹpútà bí a bá ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń kọ̀wé sójú omi ni. Ó ní kí kọ̀ǹpútà so àpótí náà mọ́ àyè rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó ní òun kò mọ irú nǹkan tí èyí jẹ́. Ó tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Èmi fúnra mi tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀.

Ẹnjiníà fẹ̀yìn ti àga. "Dádì, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nǹkan yìí kì í sọ pé pásíwọ́ọ̀dù kò dáa. Ohun tí ẹ bá fún un ló máa gbà. Tó bá jẹ́ irọ́, á fi irọ́ náà ṣí i, wúruwùru lẹ máa bá níbẹ̀. Wúruwùru la sì bá. Màdáámù mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

Bọ̀ọ̀dá Àgbà kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Òpùrọ́," wọ́n sì dìde.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yẹn kọ́ ọmọ ilé ìwé. N kò mọ̀ pé èmi ni ọjà tí kò tà.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà. "Ta ló kó àwọn ọmọ?" Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni. "Ṣé ó na wọ́n ni?" Mo ní n kò mọ̀. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò láṣọ. "Màdáámù, ọmọ bàbá ni ọmọ. Ẹ lọ bẹ àwọn àna yín. Ẹ tilẹ̀ ní orí-ire, àwọn kan kò rí àna tó máa bá wọn tọ́mọ."

Mo lọ sí Ring Road. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé, ìta géètì ni mo dúró sí. Mo rí Ìbùkún tó ń gbálẹ̀, wọ́n ti fá irun orí rẹ̀ kodoro, wọ́n ní irun dídì kì í ṣe ti ọmọ ọ̀dọ̀. Ilé ìwé wọlé, kò lọ. Ayọ̀ wá sí ojú irin géètì. Ó wò mí bí ẹni wo àlejò.

"Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ pa Dádì?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Gbogbo wọn ni."

Ìyáálé mi wà lókè lórí bàkónì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Ẹ dá a lóhùn, ìyàwó. Ọmọ yín ń bi yín ní ìbéèrè." Wọ́n tún ní bí oṣù bá ti parí, Ìbùkún ń lọ sí Èkó, obìnrin kan ń wá ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀. Ẹnjiníà náà yóò sì nu háàdì dísíkì mọ́ tónítóní, kí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Ará, bí wọ́n bá nù ún mọ́, kí ni mo tún máa ṣí?

Mo wá sí ibí yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, inú ìjọ yìí náà. Ẹ má bojú wolẹ̀, ẹ̀rí ni mò ń jẹ́, n kò rojọ́ yín. Màmá Ìjọ kó àwọn ìyá jọ lé mi lórí. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Wọ́n ń kígbe sí mi létí, "Jẹ́wọ́! Bì í! Ọ̀rọ̀ tí o gbé mì, bì í!" Ọwọ́ wọn wúwo lórí mi, ọrùn ń dùn mí. Nígbà tí n kò mọ ohun tí n óò ṣe mọ́, mo pariwo rẹ̀ jáde: "Gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ìwé mi!" Màmá Ìjọ fò sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀mí ìgbéraga ló ń sọ̀rọ̀ yẹn." Wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Láti ọjọ́ náà, ìjókòó tí mo bá jókòó sí, ẹnikẹ́ni kì í bá mi jókòó sí i. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ògo! Ẹ bá mi pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ibí yìí ni Olúwa ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ògo!

Ilé ìwé mi fẹ́ kí n tẹ àlọ́ kan fún àwọn ọmọ. Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Agbowó. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ń fún ọmọ lọ́mú, ó ní, "Màámi, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, mò ń bọ̀." Mo jókòó. Àlọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Ọdẹ ti mú Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ti gbé ọ̀bẹ sókè, Ọ̀kẹ́rẹ́ wá ní... Ó yẹ kí n fi àmì àyọlò sí i, kí ọ̀rọ̀ ẹnu Ọ̀kẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo wo kíbọ́ọ̀dù, mo rí i lórí bọ́tìnnì eéjì, ibi tí ọkọ mi fi hàn mí gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́. Àmì àyọlò kò jáde. Lẹ́tà "a" kékeré kan ló jáde, tí òrùka yí i ká, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú àdírẹ́sì í-meèlì.

Mo tún un tẹ̀. "A" olórùka.

"Ìyá Ọmọ, kọ̀ǹpútà yín ti bàjẹ́ o."

"Kò bàjẹ́, Màámi. Kíbọ́ọ̀dù yẹn, tòkunbọ̀ Lọ́ńdọ̀n ni. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí. Ohun tó wà lójú bọ́tìnnì kọ́ ló ń jáde. Àwọn àmì kan ti ṣí ipò. Ó ti mọ́ wa lára."

Ará, mo dìde. Mo fi Ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ ọdẹ, mo bọ́ sí títì. Ó ń pè mí, "Màámi, báàgì yín!" N kò gbọ́. Òtítọ́ ni mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá! Bọ́tìnnì tó tọ́ la ti ń tẹ̀! Kọ̀ǹpútà ẹnjiníà ló ń gbọ́ nǹkan mìíràn, a kò sì rí i, nítorí pé kì í hàn.

Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá Àgbà lórí ìkúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Challenge, lójú àwọn oníbàárà, kí wọ́n tó gbà láti tẹ̀ lé mi lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹnjiníà ń tẹ fóònù, kò gbójú sókè.

"Màdáámù, ẹ tún dé?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, kí ẹ tó fi ṣí i, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú ti lè rí i."

"Kí nìyẹn fẹ́ ṣe?"

"Ẹ ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́."

Ó pòṣé. Ó tẹ̀ ẹ́ sí gbangba ojú kọ̀ǹpútà. "A" olórùka níwájú, "a" olórùka lẹ́yìn, gbólóhùn èmi àti ọkọ mi láàárín. Ó wo kíbọ́ọ̀dù, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ó pàṣẹ kan fún kọ̀ǹpútà náà pé kó máa ka bọ́tìnnì bíi ti Lọ́ńdọ̀n. Ó tún pásíwọ́ọ̀dù tẹ̀. Ó ní kó so àpótí mọ́ àyè rẹ̀.

Ó so ó. Kò janpata. Kò kọ̀. Ó ṣí wẹ́rẹ́!

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹnjiníà yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ kò sọ fún mi pé kíbọ́ọ̀dù Lọ́ńdọ̀n ni." Ohun tó ní láti sọ nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá Àgbà fa àga sún mọ́ ọn. "Owó dà? Ṣí ti àkọ́kọ́." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ka ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀. Wọ́n ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Ó ṣí i. Ọ̀rọ̀ ìyá kan ni, n kò ní sọ ibi tó ń gbé. Ọmọ rẹ̀ ṣubú sínú iná ìdáná, àwọn ará ilé sá, wọ́n ní itọ́ rẹ̀ á ràn wọ́n, òun nìkan ló fà á jáde. "Òmíràn," Bọ̀ọ̀dá Àgbà wí. Wárápá ni. "Òmíràn." Wárápá ni. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń wá ilẹ̀, wọ́n ń wá bánkì, títí kò fi ku òmíràn.

Wọ́n dìde. Wọ́n gbọn agbádá wọn. "Wèrè ni àbúrò mi. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wárápá. Wárápá ọmọ ọlọ́mọ!" Wọ́n wò mí bí ẹni wo àpò símẹ́ńtì tí òjò ti pa. "Máa gbé e lọ. Kó àwọn ọmọ rẹ náà kúrò nílé mi. Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Ìyáálé mi ló ti wọ́n jáde ní géètì ní Ring Road. Wọ́n ní, "Ẹnu méjì tó ń jẹ ọ̀fẹ́." Aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n fún wọn. Mo gbá wọn mọ́ra, mo fi háàdì dísíkì sí abẹ́ ìró, a wọ takisí.

Ayọ̀ sùn lọ lórí itan mi. Ìbùkún fi ọwọ́ bo orí rẹ̀ tí wọ́n fá, ó ń wo títì. A dé Mókóla kó tó sọ̀rọ̀.

"Màámi, tí wọ́n bá rí owó nínú ẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọn ì bá dá wa padà?"

Mo fẹ́ parọ́. Mo ti ń pa àlọ́ láti ìgbà èwe mi, n kò rí irọ́ kan pa. Mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Wọn ì bá wá ohun mìíràn."

Ó ronú sí i. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun."

Ará, ọmọ ló ṣe ìdúpẹ́ yẹn. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ìdúpẹ́ nínú ilé yìí, pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú ijó. N kò tíì gbọ́ irú tirẹ̀.

Màmá Ìjọ, ẹ ṣeun, ẹ ti wá bá mi láàárọ̀ yìí pé àdúrà yín ló gbà. Ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ mi lórí ìjókòó lónìí, ẹ ṣeun. Ìwọ opó tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo rí ọ, mo mọ ohun tí wọ́n ń bi ọ́. Bí o bá ti sọ òtítọ́ tí kò ṣílẹ̀kùn, má yí i padà láti fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Tún un sọ. Ní kí wọ́n kọ ọ́ síbi tí gbogbo ojú ti máa rí i. Ẹlẹ́dàá tó gbọ́ tèmi kò di etí sí tìrẹ.

Mo dúpẹ́ pé àpótí náà ṣí. Mo dúpẹ́ pé àwọn ọmọ mi sùn nílé mi lánàá. Èyí tó ga jù, mo dúpẹ́ pé tálákà ni ọkọ mi kú. Ẹ dìde, ẹ bá mi dúpẹ́.